Òkìtì A-dúpẹ́ Lórí Pépà Gíráàfù

Bí mo bá ní ọkàn mi ń lù kìkì lọ́jọ́ tí mo rí i tí àwọn àmì kéékèèké tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni. Èmi tí mo máa ń fara pamọ́ fún tíṣà ìṣirò ní iléèwé girama, èmi yìí kan náà ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá kan ní Oǹdó tí mò ń pariwo bí ẹni tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá náà sáré wọlé tòun ti igi ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó rò pé ejò ni mo rí.

Àkókò náà kò fararọ rárá. Owó oṣù òṣìṣẹ́ ti di ohun tí à ń gbọ́ nínú rédíò tí a kì í fojú rí. Epo ọkọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá se ìrẹsì lọ́jọ́ Àìkú á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kí òórùn rẹ̀ má baà pe àlejò. Mò ń kàwé gboyè kejì nígbà náà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú Oǹdó, lórí ìwà àti ìṣesí ọmọ ènìyàn. Bàbá mi ló ń rán mi níléèwé. Ọmọ Àkúrẹ́ ni wá, Ìsíkàn ni ilé wa wà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá mi ti dolóògbé, ìdí oko rẹ̀ ní Ìlú-Àbọ̀ ni bàbá mi ń gbé, níbi tó ti ń gbin iṣu tó sì ní kòkó díẹ̀.

Nígbà tí mo ń lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé agbára òun ká ọdún yìí, òun kò lè ṣèlérí ọdún mìíràn. Kò tún un sọ mọ́, èmi náà kò sì jẹ́ kó tún un sọ. Bí n kò bá parí iṣẹ́ ìwádìí mi kí ọdún ẹ̀kọ́ náà tó parí, ó di kí n dẹrù mi padà sílé láìgboyè. Gbogbo ìgbà tí mo bá sì béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ lóko, ìdáhùn kan ló ní: "A dúpẹ́."

Ohun tí mo yàn láti wádìí ni àníyàn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àníyàn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká nílùú Àkúrẹ́ ju ti àwọn olùkọ́ ní Oǹdó lọ, nígbà tí owó kò wọlé fún ìkankan nínú wọn. Mo kọ àwọn gbólóhùn jọ sórí ìwé: "N kì í rí oorun sùn nítorí ìrònú." "Ó ń ṣe mí bí ẹni pé kò sí ọ̀nà àbáyọ." "Àyà mi máa ń já bí ọmọ mi bá ń bọ̀ wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi." Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èèyàn á fàlà sí "rárá", tàbí "lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan", tàbí "nígbà gbogbo". Èmi á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ di máàkì kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Bí máàkì bá ṣe ga tó ni àníyàn onítọ̀hún ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo wo ara mi nínú dígí bí ọ̀mọ̀wé gidi.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi kò fẹ́ràn kánjúkánjú. Ìyá àgbà ọmọ Oǹdó ni, okùn bàtà ló fi so gíláàsì ojú rẹ̀ kọ́rùn, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó láyà láti bi í ìdí rẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé a kò gbọdọ̀ fi ẹgbẹ́ kan wé ẹgbẹ́ kejì láìkọ́kọ́ wo bí máàkì wọn ṣe tò. Ó ní irú ìṣirò tí mo fẹ́ fi wé wọn ti gbà tẹ́lẹ̀ pé àwọn tó wà láàárín á pọ̀, pé àwọn tó wà lókè téńté àti nísàlẹ̀ pátápátá á ṣọ̀wọ́n, kí àwòrán wọn lórí pépà lè dà bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Dátà tó bá rí báyìí ni wọ́n ń pè ní nọ́má. Bí tèmi kò bá nọ́má, ìṣirò náà lè máa purọ́ fún mi, kí n sì máa sọ pé ẹ ṣeun.

Èmi kò nílò agogo kó tó yé mi, ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Bí bàbá mi bá wa iṣu, àwọn ńláńlá tí èèyàn fi ń ṣàkọ kì í pọ̀, àwọn tó rí bí ọmọ ìka náà kì í pọ̀. Èyí tó kù jẹ́ iṣu tí ẹnikẹ́ni lè gún níyán láìwí nǹkan kan. Bí ẹnì kan bá kó kìkì ọmọ ìka iṣu wá sọ́jà, o máa bi í pé ilẹ̀ wo ló ti wà á.

Bẹ́ẹ̀ ni mo gbé ìwé ìbéèrè mi, mo wọ takisí láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́, èmi àti ìyá kan tó gbé adìẹ lé itan jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n dì mọ́ra. Ní Alágbàká, àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n ń fi fáìlì fẹ́ ara wọn. Wọ́n ṣọ̀yàyà sí mi, ọ̀pọ̀ wọn kò sì pẹ́ rárá kí wọ́n tó fàlà wọn tán. Akọ̀wé kan wà níbẹ̀ tí bàtà rẹ̀ ti la ẹnu. Ẹsẹ̀ ló ń fi rìn láti Ìsíkàn wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. "Rárá" ló fàlà sí láti òkè délẹ̀, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà gàdàgbà pé òun kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù. Òun nìkan kọ́. Àwọn kan kọ "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́", obìnrin kan kọ "kì í ṣe ìpín mi". Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ padà sí Oǹdó. Àwọn olùkọ́ tí mo fún ní tiwọn lásìkò ìsinmi àwọn ọmọ iléèwé náà ṣe bákan náà.

Kọ̀ǹpútà wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, iná ni kò sí. Ọ̀gá mi ní kí n tilẹ̀ má dúró de iná, kí n fi ọwọ́ ya á, pé ẹni tó bá fọwọ́ ya á ni yóò rí i. Mo tẹ́ pépà gíráàfù sílẹ̀, mo sì ń kun ọ̀kan nínú àwọn ilé kéékèèké orí rẹ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan, lórí ibi tí máàkì rẹ̀ bọ́ sí. Kí n tó mọ̀, òkìtì kan ti ń ga lọ́wọ́ òsì, níbi tí àwọn aláìníàníyàn wà, bí iyẹ̀pẹ̀ tí a gbá jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mò ń kun ún, ó ń ga. Láàárín pépà, kò sí nǹkan kan. Àwọn mélòó kan péré ló dá wà lọ́ọ̀ọ́kán lápá ọ̀tún. Inú mi dùn débi pé n kò lè jókòó mọ́. Mo ti ṣàwárí! Nínú ọdún tó le jù tí mo tíì rí, mo ti rí àwọn èèyàn tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àníyàn. Mo ká pépà náà, mo sáré lọ bá ọ̀gá mi.

Ó so gíláàsì mọ́jú, ó wo òkìtì náà títí.

"Níbo lo ti rí àwọn wọ̀nyí?" ó béèrè. "Ṣé ọ̀run ni?"

"Àkúrẹ́ ni, mà. Àti Oǹdó níbí."

"Oǹdó tí èmi náà ń gbé yìí?"

Ó ní ọ̀nà méjì ló wà: yálà àwọn èèyàn wọ̀nyí kò ní àníyàn lóòótọ́, tàbí òṣùwọ̀n mi ni kò wọn nǹkan kan. Kí n lọ wádìí èwo ni. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí n fi òkìtì ẹ̀gbẹ́ ògiri wé òkìtì ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó tún rán mi létí pé àwọn tí yóò dán mi wò máa jókòó kí ọdún ẹ̀kọ́ tó parí, ẹni tí kò bá ti ṣetán á di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ wo? Mo kí i, mo yí padà.

"Ṣé o ti jẹun?" ó béèrè lẹ́yìn mi.

"Mo ti jẹun, mà. A dúpẹ́."

Mo dé abẹ́ igi máńgòrò iwájú ọ́fíìsì rẹ̀ ni ikùn mi han. Gààrí tí mo mu lálẹ́ àná ni mo jẹ kẹ́yìn. Mo dúró gbagidi. Ta ló ní kí n purọ́? Ìyá náà kò halẹ̀ mọ́ mi, kò sí ohun tí n óò pàdánù bí mo bá sọ òtítọ́, bóyá n óò tilẹ̀ rí nǹkan jẹ. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi kí n tó ronú kàn án. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fi rẹ́rìn-ín nínú takisí ti padà wá bá mi. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Kì í ṣe ìpín mi. Ẹnu ẹni la fi ń kọ "mé è jẹ". Àníyàn ni àwọn èèyàn yẹn fi ẹnu wọn kọ̀. Èmi ni mo gbé bírò lé ọmọ Yorùbá lọ́wọ́, mo ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ lé ara rẹ̀ lórí pé kò sí ọ̀nà àbáyọ. Ta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀? Èmi gan-an kò lè sọ fún ẹni tó fẹ́ fún mi lóúnjẹ pé n kò tíì jẹun.

Mo sáré padà, n kò kan ilẹ̀kùn.

"Mà, n kò tíì jẹun."

Ó wò mí, ó fi ọwọ́ tọ́ka sí àga. Ó ṣí abọ́ mọ́ínmọ́ín tó gbé wá láti ilé, ó pín in sí méjì, mo sì ń fi ẹnu kíkún ṣàlàyé òkìtì náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí gíláàsì rẹ̀ fi já bọ́ sí àyà. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ìbéèrè tó le jù: báwo ni mo ṣe fẹ́ bi ẹni tí kò ní fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?

Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó gbé mọ́ínmọ́ín mì. Nílẹ̀ wa, bí àgbàlagbà bá fẹ́ sọ ìṣòro rẹ̀, kì í sọ pé èmi ni. Á ní ẹnì kan wà. Á ní mo mọ ọkùnrin kan. Ẹni tó ń gbọ́ ọ náà á gbà pé ẹnì kan wà lóòótọ́, wọ́n á jọ gba ẹni náà nímọ̀ràn, ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá á sì gbé ìmọ̀ràn náà lọ sílé. Mo ní n óò yọ "èmi" kúrò nínú gbogbo gbólóhùn mi, n óò fi "àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́" rọ́pò rẹ̀. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé mi kedere pé ohun tí èèyàn bá sọ nípa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú òun fúnra rẹ̀. Ó sì ní kí n kọ́kọ́ dán an wò lára ẹnì kan kí n tó tún pààrà Alágbàká.

Ẹni tí mo lọ dán an wò lára rẹ̀ ni bàbá mi. Mo bá a níwájú ahéré ní Ìlú-Àbọ̀, ó ń pọ́n àdá. Mo ka àwọn gbólóhùn àtijọ́ fún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ kì í rí oorun sùn? Rárá o, a dúpẹ́. Ṣé ó ń ṣe yín bí ẹni pé kò sí ọ̀nà àbáyọ? Ká má rí i. Ó ń pọ́n àdá rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ kò yí padà. Nígbà tí mo kà á tán, mo ṣí ìwé kejì, mo ní, "Àwọn àgbẹ̀ tí ẹ jọ wà lágbègbè yìí ńkọ́, Bàámi?"

Ó gbé àdá sílẹ̀.

"Àwọn kan wà níbí o," ó ní. "Wọn kì í sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á kí ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn nínú wọn ti se èèbù iṣu tó yẹ kí wọ́n gbìn jẹ. Wọn kò sọ fún ọmọ wọn."

Èèbù ni iṣu tí a ń gé gbìn. Àgbẹ̀ tó bá jẹ èèbù ti jẹ ìkórè ọdún tó ń bọ̀. Mo wo igun ahéré níbi tí bàbá mi máa ń to tirẹ̀ sí lọ́dọọdún. Adìẹ kan ló sùn síbẹ̀.

Mo bi í pé kí n fàlà sí ibo. Ó ní kí n fà á sí "nígbà gbogbo". Mo fà á síbẹ̀. Ó dùn mí dé egungun, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ lójú kan náà pé ìbéèrè mi ti ṣiṣẹ́, inú mi ń bàjẹ́, ó sì ń dùn, n kò mọ èyí tí n óò fi hàn. N kò bi í léèrè ta ni àwọn àgbẹ̀ náà. Mo ní kó bá mi kí wọn, ó ní wọ́n á gbọ́. Bí mo ṣe padà sí Oǹdó, mo sọ fún ọ̀gá mi pé àgbẹ̀ kan wà ní Ìlú-Àbọ̀ tó ti se èèbù rẹ̀ jẹ, òun náà kò sì bi mí léèrè ta ni.

Alágbàká tí mo padà sí kò jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Akọ̀wé tó kọ àníyàn lórúkọ Jésù ka ìwé tuntun, ó fa àga fún mi, ó ní kí n fara balẹ̀ kí òun sọ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun fún mi. Ó sọ ti ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́ tí ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé dókítà ló ní kí òun máa rìn. Mo fọgbọ́n yẹra fún bàtà rẹ̀, n kò wò ó. Àwọn yòókù kó àga jọ, kálukú ní ẹnì kan tó mọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ìkánjú ṣe nígbà àkọ́kọ́ gba gbogbo ọ̀sán lọ́wọ́ wa. Àwọn olùkọ́ Oǹdó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn láàárín ara wọn lórí ẹlẹgbẹ́ ta ni tirẹ̀ burú jù.

Mo tún tẹ́ pépà gíráàfù sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, òkìtì náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó rìn bọ́ sí àárín. Mò ń kun ilé kékeré, mo sì ń rí èjìká méjèèjì tí ń yọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. N kò gbà á gbọ́. Ojú a máa tan èèyàn, ìdí nìyẹn tí ọ̀gá mi fi kọ́ wa ní ìdánwò rúlà. Mo to máàkì láti èyí tó kéré jù dé èyí tó ga jù, mo fi káńkúlétọ̀ ọ̀rẹ́ mi ṣírò ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ì bá bọ́ sí ká ní dátà náà nọ́má pátápátá, mo sì fi àmì sí ibi tí ohun tó rí àti ohun tí ì bá rí ti pàdé. Bí dátà bá nọ́má, àwọn àmì náà á tò gbọọrọ bí ìlà tí a fi rúlà fà. Àwọn ti àkọ́kọ́ wọ́ bí ọrùn dòjé nígbà tí mo dán wọn wò. Mo wá bẹ̀rẹ̀ ti olùkọ́ Oǹdó. Àmì kan, òmíràn, òmíràn. Wọ́n ń gun òkè bọ̀. Mo gbé rúlà tì wọ́n, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ dókè. Ìgbà yẹn ni mo pariwo tí ọ̀rẹ́ mi fi gbé ìgbálẹ̀ wá pa ejò.

Ti Àkúrẹ́ tẹ̀ díẹ̀ lókè, níbi tí àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le jù wà. Mo gbé e lọ fún ọ̀gá mi, ó tún un ṣírò fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn, ó sì bọ́ gíláàsì. Ó ní kò sí oko tí a kì í ti wa iṣu wíwọ́ kan méjì, pé èyí kò tó ohun tó ba ìkórè jẹ́. Ó ní kí n máa wé wọn lọ. Mo fò mọ́ ọn kí n tó rántí pé ọ̀gá mi ni. Nígbà tí mo wé wọn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín Àkúrẹ́ àti Oǹdó kò tó nǹkan; ohun kan náà ló ń ṣe gbogbo wa.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán mi wò, mo gbé àwòrán méjèèjì kalẹ̀, òkìtì a-dúpẹ́ àti agogo. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó jókòó béèrè ìdí tí n kò fi ju ti àkọ́kọ́ nù, nígbà tó jẹ́ pé kò wúlò. Mo ní ó wúlò, sà, pé òun ló sọ bí a ṣe ń gbé ìyà mọ́ra nílẹ̀ yìí. Wọ́n ní kí n bọ́ síta. Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, gbogbo wọn ti dìde dúró, wọ́n ń na ọwọ́ sí mi.

Ọ̀gá mi pè mí sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ kí n tó lọ. Àpò kan wà níbẹ̀, èèbù iṣu láti oko ẹbí rẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ó ní kí n gbé e fún àgbẹ̀ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn.

Mo gbé àpò náà wọ takisí dé Àkúrẹ́, mo tún wọ òmíràn lọ sí Ìlú-Àbọ̀, mò ń rẹ́rìn-ín fún àwọn tí n kò mọ̀ rí nínú ọkọ̀. Láti ojú ọ̀nà ni mo ti ń pe bàbá mi. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo ti gboyè, ó bọ́ fìlà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí, ó ṣàdúrà títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mo wá gbé àpò náà síwájú rẹ̀. Mo ní ọ̀gá mi ló ní kí n gbé e fún àwọn àgbẹ̀ tó sọ̀rọ̀ wọn fún mi níjọ́sí. Ó tú ẹnu rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó di èèbù kan mú, kò sì yọ ọwọ́ náà kíákíá.

"N óò fún wọn," ó ní.

Mo jókòó tì í, mo sì béèrè ohun tí mo máa ń béèrè nígbà gbogbo.

"Báwo ni ara, Bàámi?"

Ó la ẹnu, mo ti ń gbọ́ ìdáhùn náà kó tó jáde. Ó pa á dé. Ó wò mí, ó wo àpò èèbù.

"Ebi ń pa mí," ni bàbá mi wí.

N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ó ti bí mi. Mo dìde, mo wá igi, mo sì dáná.